Wọ́n Se Àgbo, Wọ́n Fi Edé Sí I

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ UNESCO mú ọbẹ̀ kan, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àṣà tí aráyé ò gbọdọ̀ jẹ́ kó parun. Tom yam kung lọbẹ̀ náà ń jẹ́, ọbẹ̀ edé àwọn ará Táílándì. Inú ìwé yẹn náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà láti ọdún 2008, tòun ti Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀, ìyẹn òru tí ẹnu kì í sinmi. Bọ́rọ̀ bá ti rí báyìí, èmi oníẹ̀fẹ̀ àti ọbẹ̀ Táílándì ti di ará agboolé kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, èmi lẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n kì í sì í tọrọ ààyè kó tó fi àbúrò ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ wo ọmọ Yorùbá tó lọ ra aṣọ lọ́jà Pratunam ní Bangkok, tí ìyá tó ń tajà fún un ní kó yà nílé wá jẹun. Kó tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà, òórùn ti wá pàdé rẹ̀: ewé tíì, ọsàn wẹ́wẹ́, ohun kan tó ń ṣe bí atalẹ̀. Ó dúró. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀ wò, bóyá ó gbóná. Ta ló sọ fún ìyá yìí pé ibà ń ṣe òun? Nílé tiwa, bí ewé tíì bá ti ń hó nínú ìkòkò, ẹnìkan ló ń gbọ̀n lórí ẹní nínú yàrá. Wọ́n ní kó jókòó, wọ́n gbé abọ́ síwájú rẹ̀, ó bojú wonú abọ́. Àgbo ni lóòótọ́. Wọ́n kàn fi edé sí i ni.

Ẹ má bú u. Ohun tó wà nínú abọ́ yẹn, ìyá àgbà tó ń gbé àgbo lójúlé wa ì bá tò ó sínú ìkòkò láìbéèrè ìdí. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lu igi ewé tíì, tí wọ́n ń pè ní takhrai, kó lè tú òórùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n rẹ́ kha, mọ̀lẹ́bí atalẹ̀, ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Wọ́n ya ewé ọsàn makrut. Wọ́n tẹ ata wẹ́wẹ́ fọ́. Omi hó, edé wọlé, edé pọ́n, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Ó di ìgbà tó kúrò lórí iná kí wọ́n tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, nítorí ọsàn tó bá bá iná jà a máa korò. Omi ẹja tí wọ́n ń pè ní nam pla ló ń ṣe iṣẹ́ iyọ̀. Gbogbo rẹ̀ ò gbà ju àkókò tí àwa fi ń wá ìdérí ìkòkò lọ.

Àmọ́ ibi tí ìjà wà rèé. Takhrai inú ọbẹ̀ yẹn, wọn kì í jẹ ẹ́. Kha, wọn kì í jẹ ẹ́. Ewé makrut, wọn kì í jẹ ẹ́. Ńṣe lẹni tó ń jẹun ń fi ṣíbí tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, tó ń wá edé kiri láàárín wọn. Mo fẹ́ bi àwọn ará Táílándì: èwo lọbẹ̀, èwo nigi ìdáná? Ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi “má ṣe oúnjẹ ṣòfò” tọ́ dàgbà, tó ń fọ́ egungun ẹran kó lè fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu, ẹ wá gbé abọ́ tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ òǹwòran fún un. Imú ni wọ́n ń se ọbẹ̀ fún ní orílẹ̀-èdè yẹn, eyín kàn bá wọn débẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ wọ takisí ní Bangkok kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ìjókòó: ìdì ewé toei, ewé tí wọ́n fi ń se ìrẹsì àti ìpápánu dídùn, lẹ ó bá níbẹ̀ tó ń ta sánsán. Ewé ọbẹ̀ wọkọ̀, kò sanwó.

Nínú àwọn òǹwòran inú abọ́, kha ló lágídí jù. Ojú rẹ̀ jọ ti atalẹ̀, inú rẹ̀ ò jọ ọ́ rárá. Ẹni tó bá ṣèèṣì rún un lẹ́nu yóò rò pé òun bu ẹsẹ̀ àga jẹ, àga tí káfíńtà ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ lè fi atalẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ má dán an wò níwájú ìyá ilé kan ní Bangkok. Kò ní bú yín. Yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sì rọra gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ yín.

Ọsàn makrut ní tirẹ̀, Ọlọ́run ò fún un lójú tí wọ́n ń fi fẹ́ni. Ara rẹ̀ kún fún kókó, omi inú rẹ̀ ò tó nǹkan, èyí tó wà níbẹ̀ gan-an korò. Nítorí náà wọ́n wá iṣẹ́ mìíràn fún un: orí ni wọ́n ń fi omi rẹ̀ fọ̀ látayébáyé, kí irun lè máa dán, ọṣẹ ìfọrun tí wọ́n fi í ṣe sì ṣì wà lọ́jà títí dòní. Èèpo rẹ̀ ń lọ sínú ata gígún, ewé rẹ̀ ń lọ sínú ọbẹ̀, omi rẹ̀ ń lọ sórí ìyàwó. Ewé yẹn nìkan ló rẹwà nínú ìdílé náà. Méjì-méjì ló máa ń so mọ́ra wọn, ọ̀kan jókòó lórí ìkejì. Bí wọ́n bá fẹ́ kó ṣeé jẹ, wọ́n á fa iṣan àárín rẹ̀ yọ, wọ́n á ká a jọ, wọ́n á rẹ́ ẹ títí yóò fi tín-ín-rín ju òwú ìránṣọ lọ. Obìnrin tó bá mọ iṣẹ́ yìí ṣe, ẹ má bá a jà nígbà tí ọ̀bẹ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mi ò tíì fi takhrai sílẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó fún àwọn tó ń so òjò nítorí òde ìyàwó, ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn ní Táílándì. Bí ẹnìkan bá ní ayẹyẹ, tí ojú ọ̀run sì ṣú, wọ́n á wá ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, wọ́n á fún un ní igi takhrai kó kì í bọlẹ̀ ní ìdoríkodò, ewé nísàlẹ̀, ìdí lókè. Òjò ò ní rọ̀ mọ́ nìyẹn. Bó bá wá rọ̀ ńkọ́? Ẹ ò ní rí ẹni tó máa bú takhrai. Ọmọbìnrin náà ni gbogbo ojú máa yí sí. Ewúro ti pẹ́ nílé wa, kò dá irú ẹjọ́ yìí rí. Ó sì dá mi lójú pé ní ìgbà òjò, ọwọ́ á máa ro ọ̀pọ̀ ọmọge ibẹ̀ bí wọ́n bá ti rí takhrai àti ìkùukùu lọ́jọ́ kan náà.

Tó bá wá kan efinrin, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nílé ìdáná wọn, wọn ò sì gbọdọ̀ gba iṣẹ́ ara wọn. Horapha ń lọ sínú ọbẹ̀ wàrà àgbọn. Maenglak, tí òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti ọsàn, ń bá ọbẹ̀ ewébẹ̀ rìn. Kaphrao, tó máa ń ta díẹ̀ sí imú, ni ti ẹran díndín. Ẹran yìí, phat kaphrao, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi wò. Wọ́n á gún áyù àti ata wẹ́wẹ́ pọ̀, wọ́n á dà á sínú epo gbígbóná, gbogbo àdúgbò á sín. Ẹran lílọ̀ á tẹ̀ lé e, nam pla, ṣúgà díẹ̀, wọ́n á wá da ẹ̀kúnwọ́ kaphrao lé e lórí, wọ́n á rò ó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Wọ́n á bù ú sórí ìrẹsì pẹ̀lú ẹyin tí epo ti dín etí rẹ̀ gbẹ. Oúnjẹ ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ jẹ ni wọ́n ń pè é, torí pé bí ọpọlọ bá ti rẹ òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì lọ́sàn-án, òun lẹnu rẹ̀ máa ń já lé.

Ẹ wá gbìyànjú kẹ́ ẹ fi ẹ̀wà gígùn tàbí àlùbọ́sà sí i. Ayé á dàrú. Ọkùnrin tí kò ní ìrònú kankan nípa oúnjẹ tirẹ̀ láàárọ̀ yìí, yóò wá ní ìrònú yanturu nípa èyí tó wà nínú abọ́ yín. Yóò ṣàlàyé ohun tí kaphrao jẹ́, yóò ṣàlàyé ohun tí kò jẹ́, yóò bi yín bóyá ẹ bọ̀wọ̀ fún ìyá yín. Mo ti rí àwọn tó ń jà lórí jọ̀lọ́ọ̀fù láàárín Èkó àti Accra, mo rò pé wèrè tiwa ni ó ga jù láyé. Ó ku díẹ̀ káàtó.

Kí efinrin tiwa má rò pé òun bọ́. Efinrin ńlá, èyí tí wọ́n ń gbo omi rẹ̀ fún yín mu nígbà tí inú bá ń run yín, wà ní Táílándì o. Wọ́n ń sè é sínú ọbẹ̀ ata, kó lè lé òórùn ẹran lọ. Orúkọ tí àwọn kan sì fún un níbẹ̀ ni kaphrao ẹfọ̀n. Ó rìnrìn àjò dé ilé onílé, wọ́n fi ẹranko pè é.

Mo mọ̀ pé orí ata lẹ ti ń dúró dè mí. Ará Táílándì máa ń ṣe fáàrí ata bí ẹni pé àjogúnbá láti ọ̀run ni. Àlejò ni ata níbẹ̀. Àwọn Potogí dé Ayutthaya ní 1511, lẹ́yìn ìgbà yẹn ni ata tó ti Amẹ́ríkà wá tó tàn ká ilẹ̀ náà. Kó tó dé, ata oníhóró tó jẹ́ ìbátan ìyèré wa, pẹ̀lú atalẹ̀, ni wọ́n fi ń jó ẹnu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra. Ọwọ́ kan náà ló gbé ata dé etíkun tiwa. Àwọn baba ńlá wa jẹ ọbẹ̀ láìsí rodo nínú rẹ̀, wọn ò sì kú. Àlejò kan ṣoṣo ló ń mú kí ìdílé méjì máa lu àyà.

Tí a bá sì fẹ́ fi ìwọ̀n Scoville ṣe ìdájọ́, tiwa ló mú jù. Ata wẹ́wẹ́ Táílándì máa ń wà láàárín 50,000 sí 100,000. Rodo ń bẹ̀rẹ̀ ní 100,000, ó lè gùn dé 350,000. Ohun tó ń ti ọmọ Yorùbá sínú wàhálà ní Bangkok nìyẹn. Ìyá tó ń gún som tam lẹ́bàá ọ̀nà bi í pé ata mélòó ni kí òun fi sí i. Ó gbé àyà, ó ní Nàìjíríà ni òun ti wá, ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Kò ronú pé rodo tí òun mọ̀ ti lọ̀, ó ti hó, epo ti dín in, tòmátì ti bá a pín ìyà rẹ̀ kó tó dé ẹnu òun. Tútù ni ata inú som tam. Odó nìkan ló kọjá nínú rẹ̀, tòun ti ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n, áyù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti nam pla. Kò tíì bá iná pàdé rí, gbogbo agbára rẹ̀ ló ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé wàhálà dé. Ọ̀gbẹ́ni bu òkèlè àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó bu ìkejì, ẹ̀rín sá. Ó gbé omi mu, omi ò gbà á, torí ohun tó ń jóni nínú ata kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Imú ń dà, etí ń hó, ó ń pe orúkọ bàbá rẹ̀. Ìyá náà ṣàánú rẹ̀, ó ti ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra síwájú rẹ̀, ó wá sọ gbólóhùn kan tí gbogbo ìyá Táílándì máa ń sọ lórí oúnjẹ tó ti fẹ́ pa àlejò: “Mai phet.” Kò ta. Ẹ sá fún gbólóhùn yìí. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ti ń fi máńgòrò tí kò pọ́n tọ́ iyọ̀, ṣúgà àti ata pọ̀ láti kékeré. Èso pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣé àlejò ló máa bọ́?

Ní Táílándì, ó ṣọ̀wọ́n kí ilé kan má ní odó, ọ̀pọ̀ sì ní ju ẹyọ kan lọ: ti òkúta fún ata gígún, ti amọ̀ tó ní ọmọ odó onígi fún som tam. Wọ́n máa ń sọ pé láyé àtijọ́, ìyá ọkọ kì í béèrè bóyá ọmọbìnrin mọ ọbẹ̀ sè. Ẹ̀yìn ilé ló ń dúró sí, tó ń fetí gbọ́ ìró odó. Ìró tó bá ń lọ déédéé, ìyàwó dé nìyẹn. Èyí tó bá ń dákẹ́ lóòrèkóòrè, ọ̀lẹ ni, tàbí kó jẹ́ ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò jù. Ẹ ò lè bá ọmọ náà wí. Ata gbígbẹ tí wọ́n ti rẹ sómi, iyọ̀, kha, takhrai, èèpo makrut, gbòǹgbò ewé tí wọ́n ń pè ní phak chi, áyù, àlùbọ́sà kéékèèké, kapi ló ń bọ̀ gbẹ̀yìn, ohun tó le ló ń ṣáájú ohun tó rọ̀, gbogbo rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kúnná débi tí ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé wàrà àgbọn kaná títí epo rẹ̀ á fi yọ, wọ́n á wá dín ata gígún yẹn nínú epo náà. Ẹni tó bá gún èyí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ má bá a bọwọ́, yóò fọ́ yín níka.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí díẹ̀. Ẹ lọ sọ́jà èyíkéyìí ní Bangkok, ẹ ó rí ata gígún tí wọ́n ti kó jọ bí òkìtì, pupa, aláwọ̀ ewé, olómi ọsàn, tí wọ́n ń wọ̀n tà fún àwọn ìyá ilé. Tí ẹ bá wá dé ilé, tí ẹ tọ́ ọbẹ̀ wò tẹ́ ẹ yìn ín, ìyá ilé á ní òun lòun gún un. Ẹ gbà á gbọ́. Alùpùpù ló gùn, ata ọlọ́jà ló rà. Kò sì ní dárúkọ ajínomótò tó wà lẹ́yìn ìgò nam pla. Ìyẹn ò ya àwa lẹ́nu, ojúlé wa náà ni mágì ti ń sùn.

Kapi tí mo dárúkọ yẹn, edé gígún tí wọ́n fi iyọ̀ pa mọ́ títí tó fi di ẹni ńlá, òórùn rẹ̀ ti pẹ́ nínú ìwé. Simon de la Loubère, aṣojú ọba Faransé tó dé Siam ní 1687, kọ nípa rẹ̀. Mo fẹ́ bú kapi dáadáa, mo ti pọ́n ẹnu sílẹ̀, mo wá rántí irú. Mo kọjá.

Ọbẹ̀ massaman náà, n ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí onígbéraga ni. Òun ló lọ kó cumin, cinnamon, kànáfùrù àti nutmeg jọ, àwọn ohun gbígbẹ tí ọbẹ̀ yòókù ò fi bẹ́ẹ̀ bá da nǹkan pọ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ló ti wá. Ọba Rama Kejì, tó jọba láti 1809 sí 1824, kéwì yìn ín, ó sì ya cumin sọ́tọ̀ nínú ewì náà. Láti ìgbà náà ni massaman kò ti kí ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí ata Táílándì bá wá kúrò nílé, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, ilé oúnjẹ Táílándì kan ní Soho ní Lọ́ńdọ̀nù ń yan ata gbígbẹ fún nam phrik phao, ata tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú ìgò. Ìkòkò ata náà wúwo tó kílò mẹ́rin. Èéfín jáde sígboro, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, wọ́n ní àwọn apániláyà ti da májèlé sáfẹ́fẹ́. Ọlọ́pàá dí òpópónà. Panápaná dé, wọ́n gbé ohun ìmísí bojú, wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn wọlé láti mú ọ̀daràn. Ìkòkò ata ni wọ́n bá. Bí ó bá jẹ́ ní Muṣin ni, ẹnìkan ì bá kàn kígbe láti òkè pé, “Ta ló ń dín ata níbẹ̀ yẹn? Ẹ ṣí fèrèsé!” ọ̀rọ̀ ì bá sì parí.

Ìlú Lọ́ńdọ̀nù yẹn náà làwọn ènìyàn wa ti ń ra ata gígún Táílándì nínú ike. Ìyàwó ilé ní Peckham á ka ohun tí wọ́n kọ sára ike náà, á gbà pé òótọ́ ni, á dín in nínú wàrà àgbọn bí wọ́n ṣe wí. Lẹ́yìn náà ni ara rẹ̀ ò ní gbà á mọ́. Ìkòkò tí kò ní tàìmù, ṣé ìkòkò nìyẹn? Ó bu tàìmù. Tàìmù kì í dá rìn, ó bu kọ́rì. Ó fi mágì méjì dí i. Ọkọ dé, ó jẹ ẹ́, ó ní ọbẹ̀ Táílándì yìí mà dùn o, ó jọ ti màmá òun.

Èyí tó sàn jù nínú wọn ni màmá kan tí àwọn ọmọ gbé lọ sílé oúnjẹ Táílándì fún ọjọ́ ìbí rẹ̀. Wọ́n gbé tom kha kalẹ̀, ọbẹ̀ adìyẹ oníwàrà àgbọn tí kha kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn ọmọ ń fi ṣíbí ti kha sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá ò wo ẹ̀gbẹ́ ẹnikẹ́ni, ó ń rún tirẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó nu ẹnu. Ọmọ tó ń gbé oúnjẹ wá dúró, ó ń wo abọ́ tó mọ́ tónítóní, kò mọ ohun tí òun máa sọ. Màmá gbá a lọ́wọ́ pẹ́pẹ́pẹ́, ó ní ọbẹ̀ náà dùn gan-an, kí ó bá òun kí alásè, àmọ́ kí wọ́n máa jẹ́ kí pọ̀nmọ́ inú rẹ̀ jinná díẹ̀ sí i.